Ta Ló Ro Omi Àmù Lónìí?

Omi odò wa pupa. Nígbà ẹ̀kún omi, tí odò bá ru ẹrẹ̀ òkè wá, tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ò ní rí ìka yín mọ́. Síbẹ̀ òun la fi ń se oúnjẹ, òun la fi ń se tíì, òun náà ló tọ́ gbogbo wa dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ yínmú sí i, kó jókòó sí ìlú ńlá kó máa mu omi inú ike.

Bí a ṣe ń mú un mọ́ ò ṣòro. A ó pọn ọ́n kún àmù ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, a ó di òkúta álọ́ọ̀mù kan mú, a ó ki apá bọ omi dé ìgunpá, a ó sì máa rò ó yípo, ọ̀nà kan ṣoṣo, títí omi á fi fẹ́ máa fa ọwọ́ lọ. A ó wá fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kí oúnjẹ tó délẹ̀, ẹrẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ sídìí àmù, omi òkè á sì mọ́ gaara.

Nílé Ìyá Sáu, ọmọ tó bá ro omi lọ́jọ́ náà ló ni èépá ìdí ìkòkò. Òfin ilé nìyẹn. Ìyá á fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò ìrẹsì, èépá á ṣí jáde lódindi, á pọ́n, á máa ta kàkà. Á wá ta òróró ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé, á gbójú sókè, á béèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan pé, "Ta ló ro omi àmù lónìí?" Thắm ni àbíkẹ́yìn. Út là ń pe àbíkẹ́yìn lọ́dọ̀ wa, òun ni Út wọn. Òun náà ló máa ń kígbe "Èmi ni" ju gbogbo wọn lọ, títí kan ọjọ́ tí kì í ṣe òun.

Út yẹn ti di àgbà obìnrin báyìí, irun funfun ti ń yọjú níwájú orí rẹ̀. Aránṣọ ni. Kò lọ́kọ, ẹ má sì bi í, torí ó ní àwọn tó ti ń bi í tẹ́lẹ̀ ò tíì rí èsì gbà. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù sílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn sí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba inú dídùn náà jẹ́ kò pariwo wá. Ìyá Sáu bu omi ẹja oníyọ̀ sínú tíì àlejò. Ìyá Sáu lọ dúró sí etídò ní ìrọ̀lẹ́, ó ní òun ń retí ọkọ òun, bẹ́ẹ̀ bàbá ti kú, wọ́n ti sin ín sẹ́yìn ọgbà tipẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Thắm ní orúkọ àbúrò tirẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní iyè rírà ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Alusáímà, kò sì sí oògùn tó máa dá a padà sí bó ṣe wà.

Ohun kan wà tí àìsàn náà ò tíì fọwọ́ kàn. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Sáu á dìde, á gbé ìkòkò rẹ̀ ka ààrò, á sì se ìrẹsì. Kò nílò ẹni tó máa ràn án létí. Á fọ ìrẹsì, á da omi sí i, á ki ìka atọ́ka sínú rẹ̀. Tí omi bá ti dé oríkèé ìka àkọ́kọ́, ó ti tó nìyẹn. Ìrẹsì náà kì í rọ̀ jù, kì í sì í le. Thắm a máa jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa gbọ́ ìró ṣíbí tó ń ha ìkòkò, á sì máa dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé ìyá òun ṣì wà nílé.

Ìkòkò náà ní ìtàn tirẹ̀. Bàbá wọn, Sáu Lẫm, tí a fi orúkọ rẹ̀ ń pe Ìyá Sáu, kì í ṣe àgbẹ̀ bíi tiwa. Inú ọkọ̀ ló ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kiri orí odò, ó ń yọ́ àlòkù àlùmíníọ̀mù, ó ń dà á sínú ihò yẹ̀pẹ̀, ó ń fi ṣe ìkòkò. Lẹ́yìn ogun, ó rí àjákù ọkọ̀ òfurufú kan nínú oko ìrẹsì àna rẹ̀. Ó gé e, ó yọ́ ọ, ó fi dá ìkòkò kan fún ìyàwó tó ń fẹ́, ó sì fi ẹja kékeré kan ṣe ọwọ́ ìdérí rẹ̀. Ohun tó wá pa èèyàn ló ń se oúnjẹ fún èèyàn yẹn. Ó tẹ̀ níbì kan, ó dúdú nídìí, àmọ́ ẹja orí rẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, torí ọwọ́ Ìyá Sáu ló ń nù ún lójoojúmọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Khiêm, àkọ́bí ilé, pè láti Sài Gòn, ìlú ńlá tó ń gbé. Níbi tí wọ́n ti ń ta táìsì ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọlúwàbí èèyàn ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó jìnnà sílé, tó ń ronú ìyá rẹ̀, tó sì ní fóònù lọ́wọ́, ẹ mọ irú ohun tó máa ń ṣe. Ó ti ka ohun tó kà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó bi àbúrò rẹ̀ pé kí ló fi ń se oúnjẹ fún Màámi.

Thắm ní, "Ìkòkò wọn náà ni."

"Èyí tí Bàámi ṣe? Àlùmíníọ̀mù nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbàgbé ilé tí wọ́n bí yín sí ni? Kí ló wà níbí tí kì í ṣe àlùmíníọ̀mù?"

Khiêm wá ń ka àwọn nǹkan tó rí. Ó ní wọ́n bá àlùmíníọ̀mù nínú ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn yẹn. Ó ní ó wà nínú ìkòkò, ó wà nínú ìpara abíyá, ó wà nínú oògùn inú ríro kan. Ó sáré kà á, ó fò láti orí èyí bọ́ sórí ìyẹn, Thắm ò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa torí ìṣẹ́tí aṣọ tó ń rán lọ́wọ́. Àmọ́ ó gbọ́ èyí tó kẹ́yìn.

"Álọ́ọ̀mù tó ò ń rò sínú omi yẹn náà, Út, àlùmíníọ̀mù ló wà nínú ẹ̀. Láti ìgbà wo lo ti ń fún wọn mu?"

Kò fi bú u. Ìbẹ̀rù ló mú kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni, ibi tó bá bà sí ló bà sí. Thắm fi fóònù sílẹ̀, ó sì ń wo apá ọ̀tún rẹ̀, èyí tó máa ń rì bọ inú àmù. Láti kékeré ni. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n lọ sílé ọkọ, tí Khiêm lọ sí ìlú ńlá, apá yìí nìkan ló kù tó ń ro omi fún ìyá. Lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìfẹ́. Ó rántí pé nígbà ẹ̀kún omi, tí ẹrẹ̀ bá pọ̀, òun a máa fi kún álọ́ọ̀mù kí omi Màámi lè mọ́ dáadáa. Ó wá dà bíi pé ọwọ́ òun ni òun fi ń pa iyè ìyá òun rẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí òun sì ń gba èépá ìdí ìkòkò gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ náà.

Nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ palẹ̀ ilé mọ́ kì í wá àyè tó máa da nǹkan sí. Ọkọ̀ Ìyá Bảy Thoại, onípàǹtí irin, máa ń kọjá lẹ́yìnkùlé, fèrè rẹ̀ á máa dún. Ẹ óò fún un ní àlòkù, òun náà á fún yín ní abọ́ ike tuntun tàbí súìtì. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni, Ìyá Sáu ń sùn nínú ìbùsùn aláṣọ tí a so rọ̀. Thắm kó àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ, ó kó kẹ́tùrù, ó kó ṣíbí, ó kó bàsíà, ó kó gbogbo wọn sí etídò. Ó gbé ìkòkò ẹlẹ́ja kẹ́yìn. Ó dì í mọ́ra díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹja yẹn, Ìyá Bảy Thoại sì bi í bóyá ó dá a lójú.

Ó ní ó dá òun lójú. Ó gba abọ́ ike pupa kan àti búlúù kan. Ó ju álọ́ọ̀mù tó kù sínú odò.

Khiêm fi ìkòkò oníná mànàmáná ránṣẹ́ láti ìlú, pẹ̀lú ìkòkò irin kan tí kì í dípẹtà, ó ń dán débi pé ẹ lè fi wo ojú. Thắm bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi ẹ̀rọ ìjọba se tíì, èyí tí Ìyá Sáu ti ń sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fà á wá pé ó ń rùn bí ilé ìwòsàn. Ó mu ún ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó tu ú padà sínú ife, ó sì gbé ife náà sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ dójú ti onílé.

Nígbà tó di àkókò ìrẹsì, ó dìde lọ sí ilé ìdáná. Ó wo ààrò. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí, ó wo ibẹ̀, ó tún padà wo ààrò. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè bí ẹni tó ń gbé nǹkan, kò sì sí nǹkan tó gbé. Thắm mú un lọ síwájú ìkòkò oníná, ó fi bọ́tìnì hàn án. Ìyá Sáu wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dára gan-an, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n lò ó pẹ́. Ó kúrò níbẹ̀, kò sì se ìrẹsì mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi ń jáde nílé. Bí Thắm bá yí ojú padà báyìí, ìyá ti lọ. Ilé ìdáná àwọn aládùúgbò ló ń lọ. Ó ń gba etídò lọ láti ilé dé ilé, ó ń wọlé, ó ń kí wọn dáadáa, á lọ tààrà sídìí ààrò, á ṣí ìdérí ìkòkò wọn wò, á dé e padà, á sì bọ́ síta. Lọ́dọ̀ wa a kì í lé àgbà. Wọ́n ń jẹ́ kó wo ìkòkò. Ìyá Mười Gấm, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, bá Thắm sọ̀rọ̀ láti òdìkejì odò: "Út, Màámi wá yẹ ìkòkò mi wò lónìí o. Wọ́n ní ẹja mi ti jóná. Òótọ́ ni, ó jóná, ṣùgbọ́n ọkọ mi ò gbọ́dọ̀ mọ̀." Thắm rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ìyá rẹ̀ wálé, ó sì lọ sẹ́yìn àmù lọ sunkún. Ó mọ ìkòkò tí ìyá rẹ̀ ń wá.

Ìyá Sáu bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Ó ń rù. Egungun èjìká rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ tí Thắm rán fún un níjọ́un. Ó wá dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó di ẹ̀wù rẹ̀ sínú aṣọ, ó wá bá Thắm nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì dúró jẹ́jẹ́ bí oníbàárà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá aránṣọ, ẹ bá mi wá ọkọ̀. Ẹ ti tọ́jú mi gan-an, ṣùgbọ́n ibí kọ́ ni ilé mi. Nílé mi, ìkòkò wà lórí iná. Àwọn ọmọ mi ò tíì jẹun."

Thắm dá ẹ̀rọ dúró. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní "ẹ". Ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé ló wá dúró níwájú rẹ̀ yẹn, ẹrù rẹ̀ wà lápá. Ó gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọkọ̀ máa dé lọ́la, ó sì pe Khiêm pé kó wá, òun nìkan ò lè ṣe é mọ́.

Khiêm dé. Wọ́n jọ gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ní Cần Thơ. Obìnrin tó ń jẹ́ Dókítà Quyên ló rí wọn, èèyàn kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wọn Ìyá Sáu, inú rẹ̀ ò dùn sí bó ṣe rù. Khiêm na fóònù sí i, ó ń fi ohun tó kà hàn án, Thắm sì tẹ orí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Dókítà ò fi Khiêm rẹ́rìn-ín. Ó ka gbogbo rẹ̀. Ó ní kò sí irọ́ nínú pé wọ́n rí àlùmíníọ̀mù nínú ọpọlọ àwọn kan. Ó ní àwọn míì náà wá a, wọn ò rí i kó ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Àwọn kan ṣe ìwádìí omi mímu, wọ́n ní bóyá ó lọ́wọ́ nínú àìsàn náà díẹ̀, àwọn míì ṣe tiwọn, wọn ò rí nǹkan kan. Kí wọ́n tó bí òun ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn rẹ̀. Ó ní èyí tí a ń jẹ mọ́ oúnjẹ, díẹ̀ kíún ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín tó bá sì le á dà á jáde. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣọ́ra, kí wọ́n má fi ìkòkò bẹ́ẹ̀ se ọbẹ̀ kíkan kí wọ́n tún fi ọbẹ̀ náà sílẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́jú. Kí wọ́n fi álọ́ọ̀mù mọ níwọ̀n, kí wọ́n jẹ́ kí omi fara balẹ̀, kí wọ́n sì má bu ìsàlẹ̀ àmù.

Thắm bi í ní kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ṣé èmi ni mo ṣe é?"

Dókítà yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mi ò ní sọ fún yín pé ìwádìí ti parí, torí kò tíì parí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fi hàn pé ìkòkò ìrẹsì tàbí omi àmù ló ń fa àìsàn yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò tíì rí, ẹ̀yin ti ń jìyà ẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara yín mọ́. Ohun tí mo rí nípa Màámi ni pé wọ́n ti rù. Kí ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ tí wọn ò ṣe mọ́?"

"Wọ́n ń se ìrẹsì."

"Kí ló dé tí wọ́n fi jáwọ́?"

Khiêm ló dáhùn, kò sì dọ́gbọ́n sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ òun ló dẹ́rù ba Thắm tó fi gbé ìkòkò náà dà nù. Dókítà Quyên wá ní ohun tí orí bá gbàgbé, ọwọ́ lè máa rántí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n lọ wá ìkòkò yẹn.

Wọ́n fi ìyá sọ́dọ̀ Ìyá Mười Gấm, tó ṣèlérí pé òun máa jẹ́ kó bú gbogbo ọbẹ̀ òun bó bá ṣe wù ú. Wọ́n yá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, wọ́n wá Ìyá Bảy Thoại kiri ojú odò. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bi léèrè á nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Lójú ọ̀nà náà, Khiêm ò wo fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Út, má bínú sí mi." Thắm ní òun ò bínú, pé ẹni tó ń bẹ̀rù fún ìyá rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kó ṣáà máa wo ọ̀tún, òun á máa wo òsì.

Abẹ́ afárá kan ni wọ́n ti bá ọkọ̀ náà. Thắm wo inú rẹ̀. Ó ṣófo. Ìyá Bảy Thoại sọ fún wọn pé àná òde yìí ni òun kó gbogbo ẹrù fún àwọn tó ń yọ́ irin. Àwo, kẹ́tùrù, gbogbo rẹ̀ ti wọ iná. Thắm jókòó sí etí ọkọ̀, ó ń ronú ohun tó máa sọ fún ẹni tó ń retí ìkòkò rẹ̀ nílé. Ibẹ̀ ló wà tí òórùn fi kọlu imú rẹ̀, òórùn ìrẹsì tó ń jinná, èyí tí ìdí rẹ̀ ti ń fẹ́ pọ́n. Ó gbójú sókè. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, lórí ààrò amọ̀ kékeré, ìkòkò kan ń hó, ẹja kan sì jókòó lórí ìdérí rẹ̀.

Ìyá Bảy Thoại ní, "Kí lẹ̀ ń wò báyẹn? Ìrẹsì ni."

Khiêm ló ṣàlàyé, ó ń kólòlò. Obìnrin náà gbọ́ tán, ó kanlẹ̀ bínú. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ìkòkò náà fún òun ni òun ti ń wò ó pé bóyá wèrè kan wà nínú ilé yẹn. Ó ní irú ìkòkò tó ń pọ́n ìdí ìrẹsì báyìí, kò sẹ́ni tó lè ṣe é mọ́, kí ni òun fẹ́ máa yọ́ ọ sí. Thắm dìde pé òun fẹ́ gbé e, obìnrin náà na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Jókòó, ọmọ yìí. Ìrẹsì ò tíì jinná. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nù, ẹ máa dúró dè é."

Wọ́n dúró. Wọ́n jẹun nínú ọkọ̀ onípàǹtí irin lábẹ́ afárá, ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ, Ìyá Bảy Thoại sì ń bú wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ. Nígbà tó ha èépá ìdí ìkòkò, ó fi èyí tó tóbi jù fún Khiêm, torí ó ní òun ló jọ pé ebi ń pa jù. Khiêm, tó ti ń sá fún ìkòkò náà, jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán ni omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé òun ti gbàgbé bó ṣe rí lẹ́nu. Thắm fi ìkòkò dídán tó gbé wá ṣe pàṣípààrọ̀. Ìyá Bảy Thoại yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní èyí ò ní pọ́n ìdí láéláé, àmọ́ ó gbà á. Thắm wo aṣọ òrùlé ọkọ̀ náà tó ti ya yánnayànna, ó ní òun á rán tuntun bò ó kí òjò tó dé. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, títí obìnrin náà fi ní kó máa lọ kí ìdúpẹ́ má baà ri ọkọ̀ òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá tó jí, Thắm lọ sẹ́yìn ilé. Ó pọn omi odò kún àmù. Ó ti ra álọ́ọ̀mù kékeré kan. Ó dì í mú, ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ó rántí ohun tí dókítà sọ, ó mí kanlẹ̀, ó ki apá bọ omi. Omi náà tutù. Ó rò ó yípo, ọ̀nà kan ṣoṣo, díẹ̀ báyìí, ó sì fi í sílẹ̀ kó fara balẹ̀ dáadáa. Ó bu omi òkè, ó gbé ìkòkò ẹlẹ́ja lọ sídìí ààrò, kò pe ẹnikẹ́ni, kò sọ̀rọ̀. Òun àti Khiêm lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Sáu jáde wá. Ó rí ìkòkò. Kò yà á lẹ́nu, kò béèrè ibi tó ti lọ. Ó kàn fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu ẹja orí ìdérí náà, ó nù ún títí tó fi dán, ó ní, "Ilẹ̀ ti mọ́, iná ò tíì sí." Ó dáná. Ó fọ ìrẹsì. Ó da omi sí i, ó ki ìka atọ́ka bọ̀ ọ́, ó wò ó, ó tún fi omi díẹ̀ kún un. Khiêm mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì tú u sílẹ̀ títí ìkòkò fi hó.

Ìyá jẹun. Ó jẹ abọ́ kan, ó bu òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ìró tí Thắm ti ń pòùngbẹ rẹ̀ dún, ṣíbí ń ha ìdí ìkòkò. Èépá náà ṣí lódindi. Ìyá Sáu ta òróró sí i, ó bu àlùbọ́sà lé e, ó gbójú sókè, ó wo àwọn méjèèjì bí èèyàn ṣe ń wo àwọn àlejò tó fẹ́ràn.

"Ta ló ro omi àmù lónìí?"

Khiêm wo Thắm. Thắm ní, "Út ni, Màámi."

"Út," ni Ìyá Sáu wí, ojú rẹ̀ sì là. "Mo mọ̀. Omi tirẹ̀ máa ń mọ́." Ó ṣẹ́ èyí tó tóbi jù nínú èépá náà, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì pa ọwọ́ náà dé pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá aránṣọ, ẹ bá mi fún un tó bá dé láti ilé ìwé. Ọmọ yẹn ò fi omi jẹ mí níyà rí. Ẹ sọ fún un pé màmá ẹ̀ ní ó ṣeun."

Thắm ní òun á sọ fún un. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó dúró ti àmù, ó tú ewé náà, ó sì jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú omijé àti gbogbo rẹ̀. Ó bọ́jú nínú omi tó rò. Ó wá padà wọlé lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní Út ti dé, ó ti jẹ ẹ́, ó dùn, ó sì ní kí ìyá aránṣọ bá òun kí Màámi, pé òun náà dúpẹ́.